Bọ́ọ̀sì Tí Ọkọ Mi Fi Sílẹ̀

Ikọ́ ọkọ mi ló máa ń jí mi láàárọ̀, kì í ṣe agogo. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ní Ṣikágò, láwọn ọdún 1980 wọ̀nyẹn. Nígbà òtútù, wọn kì í pa ẹ́ńjìnnì àwọn bọ́ọ̀sì ògbólógbòó náà nínú gárèèjì, torí tí wọ́n bá pa á, kò ní í fẹ́ tan mọ́ tílẹ̀ bá mọ́. Inú èéfín yẹn ni ọkọ mi ti máa ń wá bọ́ọ̀sì tirẹ̀ kó tó gbé e síta. Tó bá fun imú, dúdú ló ń jáde, bí ẹni pé ìdí àdògán ló sùn sí. Dókítà ní àyà rẹ̀ ò fara mọ́ èéfín náà mọ́, kó jìnnà sí i. Mo ní ṣé ó gbọ́. Ó ní òun gbọ́. Ọmọ mẹ́ta ń bẹ nílé tó ń jẹun, ó sì tún padà lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé àwọn ọ̀gá fẹ́ pààrọ̀ àwọn bọ́ọ̀sì àtijọ́ sí èyí tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kó oríṣi mẹ́ta wá, wọ́n sì ní kí awakọ̀ mélòó kan láti gárèèjì kọ̀ọ̀kan wà á wò, kí wọ́n sọ èyí tó dára. Ọkọ mi wà lára wọn. Àkọ́kọ́ ò fi nǹkan kan sàn ju ti àtijọ́. Èkejì mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí èrò bá ti kún inú rẹ̀, ńṣe ló máa ń rìn bí aboyún tó ń gun òkè. Ẹ̀kẹta ló wọ ọkọ mi lójú. Ọjọ́ tó wà á, kò tiẹ̀ bọ́ kóòtù kó tó na ańkáṣíìfù rẹ̀ sí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì, look at this. From morning till I closed ni mo fi wà á. Wò ó, funfun!"

Mo wò ó. Ikun imú lásán ló wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta náà ni wọ́n rà. N kò ní sọ pé torí ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni. Bóyá òun ló dínwó jù. Ṣùgbọ́n wọn ò rà á tó. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kan gárèèjì tiwọn, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sí.

Níbi iṣẹ́ wọn, àwọn awakọ̀ fúnra wọn ló ń mú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ máa ná. Pick ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ mú, títí á fi kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tó bá sì mú ni yóò máa wà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo gbàdúrà sí ọjọ́ yẹn títí orúnkún fi ń ro mí. Àánú Ọlọ́run sì pọ̀: nígbà tó kan ọkọ mi, iṣẹ́ kan ṣì ṣẹ́ kù lórí bọ́ọ̀sì tuntun, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, tí àwọn tó ṣáájú sá fún nítorí oorun.

Ọkọ mi wò ó, ó fi í sílẹ̀, ó sì mú ọ̀nà àtijọ́.

Alájì kan ló kàn lẹ́yìn rẹ̀, òun ló sì mú bọ́ọ̀sì tuntun náà. Ará ìlú ọkọ mi ni, ó ti ṣe ọ̀gá iléèwé nílé kó tó wá bá wa ní Amẹ́ríkà, ó sì ju ọkọ mi lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Ẹ̀gbọ́n là ń pè é. Ọkọ mi ló mú un wọ iṣẹ́ náà, ìdí nìyẹn tó fi wà lẹ́yìn ọkọ mi níbẹ̀. Ọkọ mi ní òun ò lè nawọ́ sí èyí tó dára kí àgbà tó nawọ́.

"Dádì, seniority ni wọ́n ń lò níbẹ̀, kì í ṣe age!"

"I know. Ṣùgbọ́n kí n mú un níṣojú ẹ̀gbọ́n? Kí n wá sọ pé kí ni?"

"Kí ẹ sọ pé ẹ̀ ń húkọ́!"

Ó ní kí n dákẹ́. Mo bọ́ sí kíṣìnnì, mo lọ gbé omi ẹ̀bà kaná.

Kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, ọkọ mi ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀ nínú gárèèjì. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ki rọ́bà afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́ nímú. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí mo bá ṣíwọ́ láàárọ̀, mo máa ń lọ jókòó tì í. Lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀sì tó dúró gbé mi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tuntun, ẹ̀gbọ́n ló sì ń wà á. Mo tẹ orúnkún kí i lórí àtẹ̀gùn. Ọkọ̀ náà ò rùn rárá. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù.

"Ìyàwó, how is he? Mo ń bọ̀ lẹ́yìn shift. Mo sọ fún un o, pé kó mú bọ́ọ̀sì yìí. Ó ní kò wu òun, it's too quiet, oorun á máa kùn òun."

Ó yẹ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọn ò kọ́ mi nílé láti máa tú ọkọ mi síta. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí ju ẹ̀kọ́ ilé lọ.

"Irọ́ ló pa fún yín, ẹ̀gbọ́n. Òun gan-an ló test ẹ̀ fún wọn. Ó wù ú. Torí yín ló ṣe fi í sílẹ̀. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún un tipẹ́ nípa èéfín yẹn."

A ti dé ọsibítù. Ó ṣílẹ̀kùn, àwọn èrò ń dúró kí n sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò wò mí. Ó kàn ní kí n máa lọ, kí òtútù má wọlé bá àwọn èèyàn.

Ó dé lọ́sàn-án, yunifọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ dìde kí i, ó dá a padà. Mo fún un ní àga, kò jókòó.

"Next pick, ìwọ lo máa mú bọ́ọ̀sì yẹn," ó ní. "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe supervisor. Àbí o fẹ́ bá mi jiyàn ni?"

Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Ọkọ mi tẹ orí ba lórí ìrọ̀rí. "Ẹ ṣé, sà," ó ní.

Oṣù púpọ̀ ṣì wà kí pick míì tó dé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe jáde, ọkọ mi yíjú sí ògiri. Ó mọ̀ pé èmi ni mo tú àṣírí rẹ̀, mo ti dójú tì í níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí gúlegúle pẹ̀lú ìbínú. Mo ní kó máa bínú lọ; ṣebí ẹni tó ṣì ń mí ló ń bínú.