"Did accident" kẹ̀? Ọkọ mi kọ́ ló kọ ọ́

Gẹ̀ẹ́sì burúkú ló gba ọkọ̀ wa sílẹ̀ lọ́wọ́ olè lónìí!

Mo wà nílé ní Gonin Gora lọ́sàn-án yìí ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé látorí nọ́ńbà ọkọ mi:

"I did accident. Give my friend the car key."

Mo pè é, kò gbé e. Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó fi sílẹ̀ nílé lọ́wọ́ kí n tó tún àtẹ̀jíṣẹ́ náà kà.

"Did accident"? Haba! Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì lọkọ mi. "Had an accident" ló máa ń kọ́ àwọn ọmọ. Kò lè kọ "did" láéláé.

Wọ́n kan géètì. Ọkùnrin kan tí n kò rí rí ni.

"Ẹ kú ọ̀sán mà. Ọ̀gá ní kí n wá gba kọ́kọ́rọ́."

"Ẹ dúró, mò ń bọ̀."

Mo tilẹ̀kùn, mo pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ó gbé fóònù fún ọkọ mi.

"Ta ló ní accident? Kíláàsì ni mo wà! Wọ́n jí fóònù mi nínú kẹ̀kẹ́ ní Trikania láàárọ̀."

Kí n tó padà dé géètì, ọkùnrin yẹn ti lọ.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Ojoojúmọ́ lọkọ mi ń gbé ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Òní nìkan ló fi í sílẹ̀. Báwo lolè ṣe mọ ilé wa, tó tún mọ̀ pé ọkọ̀ wà níbẹ̀ lónìí? Gbogbo ẹni tó ń kí mi ládùúgbò ni mo ti ń wò lẹ́ẹ̀mejì báyìí.

Ẹ bá mi rò ó: ta ló sọ fún un?