Ẹsẹ̀-ò-gbélé Nídìí Jẹnẹrétọ̀ Ìyàwó Rẹ̀

Láti ọdún tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti sọ àbúrò ọkọ mi ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé, orúkọ náà ò sì jábọ́ lára rẹ̀ títí di òní. Bó bá ń jẹun, ìdúró ni. Bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á ti wà lójú títì. Jẹnẹrétọ̀ tó ń lo epo dísù ló ń tún ṣe, ó sì mọ iṣẹ́ náà, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ bó bá tú ti ẹnì kan sílẹ̀ báyìí, tí fóònù bá dún, á ní, "Mò ń bọ̀," ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíì nìyẹn. Mò-ń-bọ̀ rẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti dúró dè é títí wọ́n fi sùn.

Ìyàwó rẹ̀ ló sì dúró dè é jù. Ìyá Ìbejì la máa ń pè é. Ẹ̀rọ asàba ló fi ń jẹun, ẹ̀rọ onílẹ̀kùn dígí kan báyìí tó ń fi ooru sàba lórí ẹyin títí á fi pamọ. Àwọn tó ń sin adìẹ ló ń wá ra òròmọdìẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ooru yẹn kò gbọ́dọ̀ já, iná ìjọba sì rèé, bó ṣe ń dé ló ń lọ, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo ọkàn rẹ̀ wà.

Jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún ló wá ń jò. Dísù tí ẹ́ńjìnnì ò bá lò tán, páìpù tín-ín-rín kan ló ń dá a padà láti orí nọ́sù, ẹnu tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì, padà sínú táńkì. Ibi tí bóòtù ti de páìpù náà mọ́ nọ́sù ni dísù ti ń kán. Kí ni ọkọ ṣe? Ó fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ wé e. "Fún ìgbà díẹ̀ ni, Ìyá Ìbejì. Mò ń bọ̀ wá ṣe é dáadáa." Dísù sì máa ń jẹ rọ́bà o, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ tó ń fi bú àwọn oníbàárà. Ìgbà díẹ̀ yẹn, òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn wọlé dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo yà kí wọn. Mo bá Ìyá Ìbejì tó fetí lé dígí ẹ̀rọ.

"Ìyálé mi, ẹ wá gbọ́."

Mo fetí sí i. Nínú ẹyin lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ké, tí wọ́n ń kan èèpo láti inú bí ẹni ń kanlẹ̀kùn.

"Ẹyin ti oṣù tó kọjá, jẹnẹrétọ̀ ló kú, gbogbo wọn kú sínú èèpo," ló wí. "Bí èyí náà bá bàjẹ́, mo ta ẹ̀rọ yìí nìyẹn. Màá padà sídìí aṣọ táwọn èèyàn ń gbé fún mi fọ̀. Mo ti sọ fún Bàbá Ìbejì."

"Kí ló wá wí?"

"Ó ní òun ń bọ̀."

Ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu wa tí òórùn dísù fi gba yàrá. A sáré jáde. Rọ́bà ti wú, ó ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, ó sì ti já. Dísù ń kán tó-tó-tó sórí sáléńsà gbígbóná tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, èéfín funfun ń rú sókè. Ìyá Ìbejì pe ọkọ rẹ̀. Kò tilẹ̀ pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ wá wo rọ́bà yín," ó sì pa fóònù.

Ọkùnrin náà sáré dé, ó sì paná ẹ́ńjìnnì. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e yẹn bà mí lẹ́rù ju èéfín lọ. A kó ìró, a kó búláńkẹ́ẹ̀tì, a bo ẹ̀rọ asàba bí ẹni tí ibà ń gbọ̀n.

Bá a ṣe padà síta, ó ti na sípánà sí bóòtù. "Yéè!" Sáléńsà ti jó o lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ kó tutù ná," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ẹyin ló ń tutù!"

"Mo mọ̀. Ta ló ni ẹyin?"

Ọkọ rẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó rìn dé ìdí ògiri, ó padà. Èmi gan-an ò mọ ibi tí mo lè gbé ẹsẹ̀ mi sí mọ́.

Nígbà tó tú bóòtù tán, ó mú wọ́ṣà méjì jáde, bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ bí yẹtí ọmọdé, tó máa ń wà lábẹ́ bóòtù kí dísù má baà jò. Wọ́n ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, ojú wọn ti ya.

"Ta ló de èyí le tó báyìí?"

"Ta ló tún ń de nǹkan nínú ilé yìí?"

Òun náà ni. Àṣà rẹ̀ ni. Bí bóòtù bá ti le tó, á tún yí i ní ìkan sí i, "kó lè dá mi lójú." Ìkan-sí-i yẹn ló ń pa wọ́ṣà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ni ó fẹ́ sọ ọ́ fún?

Kò sí wọ́ṣà tuntun nínú àpótí. Ó bojú wo títì. "Mò ń..."

"Ẹ parí ẹ̀, kí n gbọ́," Ìyá Ìbejì wí.

Ó gbé e mì. "Ẹ gbé sítóòfù wá."

Ó fi ẹ̀mú mú wọ́ṣà síná títí wọ́n fi pọ́n, ó sọ wọ́n sómi, ṣíì! Ó ní bàbà tó bá ti le kì í gbọ́ràn mọ́, iná ló ń mú un rọ̀.

"Bí ọkọ ẹlòmíì," ni Ìyá Ìbejì dá sí i.

Ó rọra fi sáńpépà ha ojú wọn, ó dá wọn padà, ó sì ń de bóòtù. Ó le. Mo rí èjìká rẹ̀ tó ń kóra jọ fún ìkan-sí-i. Ìyá Ìbejì gbé ọwọ́ lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ó tó."

"Kó lè..."

"Ó tó, Bàbá Ìbejì."

Ó yọ sípánà kúrò.

Ó fún afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù jáde, ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó gbéra. Ìyá Ìbejì ti sáré padà sídìí ẹ̀rọ asàba rẹ̀. Ọkọ nu orí nọ́sù gbẹ, ó sì kọjú sí mi: "Ìyàwó wa, ẹ bá mi mú pọ́dà wá." Ó bu pọ́dà funfun sí ìdí bóòtù. Bí dísù bá yọ bíńtín, ojú pọ́dà á rin, a ó sì rí i.

Ìgbà yẹn ni fóònù rẹ̀ dún. Ó wo fóònù, ó wo títì. Lẹ́yìn náà ló nà án sí mi. "Ẹ bá mi mú un dání. Ọwọ́ mi dọ̀tí."

Ọwọ́ rẹ̀ ò dọ̀tí ju ti ojoojúmọ́ lọ.

Ṣé ẹ rò pé ó wá jókòó? Kò jókòó o. Ó ń yí jẹnẹrétọ̀ ká ni, á bẹ̀rẹ̀, á wo pọ́dà, á dìde, á tún yí i ká. Fóònù ń dún lọ́wọ́ mi, pọ́dà ṣì funfun.

"Ọ̀kan ti jáde!" Ìyá Ìbejì pariwo láti inú ilé.

Ó sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn. "Kí ló jáde?"

"Màlúù ni! Kí lẹ fẹ́ kó jáde nínú ẹyin?"

Ó sáré padà sídìí pọ́dà.

Àwọn kan ò jáde mọ́, òtútù ti mú wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ló bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí igbe wọn gba ilé kan. Nígbà tí oòrùn rọ̀, Ìyá Ìbejì gbé àga kan jáde fún ọkọ rẹ̀. Sípánà lọkùnrin náà gbé lé orí àga, ó tún ń yí jẹnẹrétọ̀ ká.

Mo bi Ìyá Ìbejì pé, "Títa ẹ̀rọ ńkọ́?"

Ó wo ọkọ rẹ̀, ó yínmú sí i.

"Tí mo bá tà á, Ìyálé mi, kí lèyí á máa wá yí ká?"