Ilẹ̀ Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bùráímọ̀ Káfíńtà

Kò sí ẹni tó gbọ́njú ní àdúgbò rélùwéè ní Ọ̀fà tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù Bùráímọ̀ Káfíńtà kọ̀ tí kò rìn mọ́. Kí Ọlọ́run foríjì í, òun fúnra rẹ̀ ló pe èrò wá wò ó.

Ẹ̀rọ ayò òyìnbó ni: tábìlì gígùn kan tí gíláàsì bò lójú, tí wọ́n kan ìṣó wínníwínní sí nínú, tí agogo kékeré kan sì wà láàárín ìṣó. Bí èèyàn bá fa ọ̀pá tó wà níwájú rẹ̀ tó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù irin á sáré gòkè, á wá máa gbá ìṣó àti agogo bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Bùráímọ̀ ṣe bísímílà, ó fa ọ̀pá. Bọ́ọ̀lù sáré dé òkè, ó yà sápá òsì, ó dúró.

"Ó ń sinmi ni," Bùráímọ̀ wí.

Wọ́n dúró dè é. Wọ́n jẹ obì. Nígbà tó yá, Ọlábámijí, akọ̀wé rélùwéè tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, bi í pé, "Ṣé kí n lọ ná, kí n padà wá lẹ́yìn ìrun Alásárì?"

Lọ́wọ́ Kòráà kan, oníṣòwò Lárúbáwá tó ń ta aṣọ lẹ́bàá rélùwéè, ni Bùráímọ̀ ti rí ẹ̀rọ náà, lọ́dún 1959. Ọjọ́ orí ẹ̀rọ ọ̀hún ju ti ogun Hítílà lọ. Kòráà ń kó padà lọ sí ìlú rẹ̀, Bùráímọ̀ ló sì ń kan àpótí ẹrù fún un. Ó kan gbogbo rẹ̀ tán, ó ku ìdérí kan ṣoṣo. Ó wá jókòó lé ìdérí náà.

"Ọkọ̀ ń bọ̀, Bùráímọ̀!"

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá. Tábìlì yẹn ńkọ́?"

"Ó ti bàjẹ́! Ikán ti jẹ ẹ́!"

"Ṣé ikán wá lẹ fẹ́ gbé lọ sílé?"

Fèrè ọkọ̀ dún. Kòráà gbọ́wọ́ sókè, ó ní kó máa mú tábìlì náà. Bùráímọ̀ dìde, ó kan ìdérí, ó sì tún bá a gbé àpótí náà dénú ọkọ̀. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi dágbére fúnra wọn.

Àṣàbí, ìyàwó rẹ̀, ló mọ ohun tí ojú ilé rí lẹ́yìn náà. Láti ìgbà òjò títí dé ìgbà ọyẹ́, ọkọ rẹ̀ kò ṣe ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ó yọ pákó tí ikán jẹ, ó fi ọ̀gànwó rọ́pò rẹ̀. Sípíríǹgì abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ ló fi tún ọ̀pá ṣe. Ọlábámijí bá a wá bọ́ọ̀lù láti inú bíárìn kan tí wọ́n ti sọ nù. Gbogbo rẹ̀ pé. Ìgbà tó gbé abọ́ omi lé e ni wàhálà dé.

Bùráímọ̀ ní abọ́ funfun kan tí kì í fi jẹun. Omi ló ń bù sínú rẹ̀ láti fi wò ó bóyá ohun tó kàn tẹ́jú. Bí omi bá kan etí abọ́ dọ́gba yíká, á ní, "Ó gún régé." Bí kò bá dọ́gba, kò ní sùn. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì tuntun lọ fún ẹnì kan ní Òjòkú rí, ó bá a pé ilẹ̀ yàrá onítọ̀hún dagẹ̀rẹ́. Ó ru bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ padà sílé, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ tún yàrá ṣe.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀rọ yìí sì gùn ju ti iwájú lọ. "Òyìnbó tó ṣe èyí kánjú," ló sọ fún Àṣàbí. Ó mú ayùn, ó gé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn títí omi fi dọ́gba.

Bí bọ́ọ̀lù ti dúró lójú èrò lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín gbòde. Ẹni tó fẹ́ ṣe fèrèsé a máa bi í bóyá yóò ṣí. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ lọ síbòmíràn. Bùráímọ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Oúnjẹ rẹ̀ ló dín kù, ó sì ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí mọ́ṣáláṣí. Èyí dun Àṣàbí wọra. Ọkùnrin tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yangàn ló fẹ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni jẹ́jẹ́ gbé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ọkọ rẹ̀ lọ kírun, ó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbé ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà sókè díẹ̀ kí ìgbálẹ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Agogo dún. Àṣàbí fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ wá agolo mílíìkì méjì, ó rọ yẹ̀pẹ̀ kún wọn, ó sì fi wọ́n sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

Nígbà tí Bùráímọ̀ fi máa dé, Ọlábámijí ti wà nídìí ẹ̀rọ, agogo ń dún, èrò ti pé lé e lórí. Bùráímọ̀ wo agolo. Ó lọ gbé abọ́ rẹ̀ wá, ó gbé e lé gíláàsì. Omi wọ́ síwájú, ó dà sílẹ̀.

"Ilẹ̀ yìí ni," Bùráímọ̀ wí níkẹyìn. "Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni kò tẹ́jú. Ìyàwó mi ló bá mi rí i."

Òun fúnra rẹ̀ ló fi sìmẹ́ńtì ṣe ilẹ̀ náà, abọ́ kan náà ló sì fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́ni tó rán an létí.

Lẹ́yìn náà, ó gbẹ́ pákó ọ̀gànwó méjì rọ́pò agolo. Kò pè wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Ilẹ̀ ló ń pè wọ́n. "Ìyá Sherifat, bá mi nu ilẹ̀ ẹ̀yìn yẹn," ló máa ń wí fún Àṣàbí. Bí àlejò bá wọlé, á ní kó rọra, ilẹ̀ ilé òun ò dáa. Àwọn àlejò a sì máa rọra rìn.

Ọdún 1967 ni Bùráímọ̀ kú. Wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ tán, àwọn ọmọ Sherifat, ọmọbìnrin rẹ̀, sì ti sá lọ sídìí ẹ̀rọ. Àárò ọkọ rẹ̀ sọ Àṣàbí. Ó ní kí Ọlábámijí bá òun gbé ẹ̀yìn ẹ̀rọ sókè, ó sì yọ pákó méjèèjì. Ó bu omi sínú abọ́ funfun, ó gbé e lé gíláàsì, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Omi kan etí abọ́ dọ́gba yíká.

"Ó gún régé, Bàbá Sherifat," ó wí.

Ọlábámijí bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi etí agbádá nu ojú. Ọmọ kan fa ọ̀pá. Bọ́ọ̀lù sáré dé òkè, ó yà sápá òsì, ó dúró.

"Màmá, kò lọ mọ́!"

"Ẹ jẹ́ kó sinmi," Àṣàbí wí. "Lọ́la, a ó dá ilẹ̀ padà sábẹ́ rẹ̀."