Ẹsẹ̀ Bàbá Ọkọ Mi

Bí mo bá ti rí bùtà, bàbá ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni, n'Ìwó. Tí wọ́n bá ṣe àlùwàlá tán, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ wọn tó wú, wọ́n á máa wò ó bóyá ihò ibẹ̀ á tètè kún.

Dókítà ní ilẹ̀kùn inú ọkàn wọn ti bàjẹ́. Tí a bá la àyà wọn láti tún un ṣe, kídìnrín wọn tó ń ṣàárẹ̀ lè má gbà á. Tó bá jẹ́ oògùn lásán, ọkàn lè dákẹ́ nígbàkigbà. Ẹni tó bá béèrè èwo ni wọ́n mú, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí n bi ẹsẹ̀ mi léèrè."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi àlùwàlá dúró sínú ihò tí ìka wọn dá. Wọ́n gbé bùtà kalẹ̀, wọ́n pè mí.

"Ìyàwó, di ẹrù mi. Ó di ọ̀dọ̀ dókítà, kí wọ́n la àyà mi."

"Ṣé ẹsẹ̀ ti dáhùn, Bàbá?"

"Ó ti dáhùn tipẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi ń bi í."