Ọjọ́ tí a sunkún bàbá mi lójú ara wọn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ bí a ṣe sunkún bàbá mi lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n sì dìde jẹun lẹ́yìn náà. Kò sí irọ́ níbẹ̀!

Ilé wa wà létí adágún, lẹ́yìn òkè kan ní Dassa. Òyìnbó tó gbẹ́ adágún náà ló kọ́ ọ, bàbá bàbá mi sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Fèrèsé ibẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ. Bàbá mi nìkan ló ń gbé inú rẹ̀, wọ́n sì ti sọ pé ibẹ̀ làwọn máa kú sí.

Ṣùgbọ́n àbúrò wọn, Tọ́ńtọ̀n Séverin, ti rí ẹni tó fẹ́ rà á, kó wó o, kó kọ́ òtẹ́ẹ̀lì fún àwọn tó ń wá gbàdúrà ní Arigbo. Ẹbí ti gbà. Mo sunkún títí, kò yí nǹkan kan padà.

Ìgbà náà ni olùdarí fíìmù kan dé láti Kútọnu. Ó ní irú ilé yìí lòun ń wá fún ibi tí bàbá arúgbó kan ti kú nínú fíìmù òun. Àgbà òṣèré tó mú wá rí aṣọ funfun òkú tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún un, ó ní òun ń lọ mu omi. A gbọ́ pé ìlú kejì, Paouignan, ló ti wọ bọ́ọ̀sì!

Bàbá mi ní kí ló le níbẹ̀? Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n pajú dé.

Olùdarí ní kí àwọn obìnrin ẹbí tó wá wòran sunkún díẹ̀. Díẹ̀ kẹ̀? Àbúrò bàbá mi obìnrin, Tántì Philomène, kì í sunkún díẹ̀. Olùdarí pariwo “Coupez!” pé ó tó, kí wọ́n dákẹ́. Ta ló gbọ́? Omi gbé ẹkún náà dé òdìkejì. Kò pẹ́ tí àwọn ará Akofodjoulè tó wà lóko fi kó ọkọ́ àti ṣọ́bìrì dé, wọ́n ń béèrè ibi tí a máa gbẹ́.

Tọ́ńtọ̀n Séverin náà sáré dé. Wọ́n ṣubú lulẹ̀, wọ́n ń yíràá, wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n wọn. Bàbá mi la ojú kan.

“Séverin, o tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.”

Màmá Àgbà, ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí wa, ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní nínú ẹbí wa, ilé tí a bá ti ké ẹkún òkú, a kì í tà á títí ọdún á fi yí. Tọ́ńtọ̀n ní ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kú!

Màmá Àgbà ní, “Ta ló ń yíràá nílẹ̀ níbí? Ẹkún tó ti bọ́ kì í padà sójú.”

Tọ́ńtọ̀n wo eruku ara ṣòkòtò wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ọ́n nù. Ẹni tó fẹ́ rà á kò lè dúró, ó lọ ra ilẹ̀ síbòmíì.

Tọ́ńtọ̀n ti rí ẹlòmíì báyìí, wọ́n ń retí kí ọdún yí. Bàbá mi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n bá àwọn pe olùdarí yẹn: àwọn ti rò ó, àwọn ò kú dáadáa nígbà yẹn, àwọn lajú. Kó padà wá yà á.

Mo rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo délé tí mo rí i pé wọ́n ti fọ aṣọ funfun náà, wọ́n sá a sétí adágún. Àánú wọn ṣe mí gan-an. Mo pe olùdarí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé téèyàn bá fẹ́ sunkún, kó sun ún níbi tí ará ìlú ti lè gbọ́. Ṣé ẹ̀yin náà ti ṣọ̀fọ̀ alààyè rí? Ẹ tètè kọ ọ́ sísàlẹ̀ o, torí olùdarí ní òun ń bọ̀, Tántì Philomène sì ti ń fi omi gbígbóná tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe.