Búrẹ́dì Tí Ọ̀gá Fáìlì Fọwọ́ Sí

Kí Ọlọ́run má fi ọkọ tó ti fẹ̀yìn tì jẹ obìnrin tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níyà. Àmín, kí ẹ ṣe é tọkàntọkàn. Ọ̀gá Fáìlì fi ọdún márùndínlógójì jókòó ti tábìlì kan náà, ó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé tí kò kà. Nígbà tí wọ́n ní kó máa relé, ó kó bírò, rúlà àti ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rin dání. Ó wo yàrá, ó wo pálọ̀, kò rí ẹni tó máa pàṣẹ fún. Ló bá kọrí sí kíṣíìnì ìyàwó rẹ̀.

Ìyá Alágbàfọ̀ ni àdúgbò ń pe ìyàwó yìí, torí ilé ìfọṣọ ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fa aṣọ ibùsùn tútù jáde látinú ẹ̀rọ. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú kúnnú bàtà. Àmọ́ kí ẹ bá a ní kíṣíìnì lọ́jọ́ Sátidé! Búrẹ́dì róbótó kéékèèké ló ń ṣe. Kì í ṣahun bọ́tà, kì í ṣahun ṣúgà, á wá fi ánísì sí i, hóró wínníwínní kan tó ń ta sánsán dénú imú. Á kọ́kọ́ yan hóró náà nínú páànù gbígbẹ, á fi ìdí ìgò fọ́ ọ, kó tó dà á sínú ìyẹ̀fun. Bí òórùn yẹn bá ti gba ojú fèrèsé jáde, àwọn aládùúgbò á kàn rántí pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta táwọn ti kí i kẹ́yìn. Àwọn ọ̀jẹun!

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, jẹ búrẹ́dì yìí nílé ẹnìkan. Ó wá fúnra rẹ̀. Ó ní òun á padà wá tọ́ ọ wò dáadáa lọ́jọ́ Fúráídé, ní agogo mẹ́wàá. Bó bá ṣì dùn bẹ́ẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ á máa gba igba lójoojúmọ́. Igba! Ìyá Alágbàfọ̀ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: á kúrò ní ilé ìfọṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sinmi. Kò sí nǹkan míì tó ń fẹ́ láyé mọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá yẹn, ta ni àlejò yìí bá lẹ́nu ọ̀nà? Ọ̀gá Fáìlì ni, tó ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyẹ̀fun pa àyà ẹ̀wù.

"Èmi ni mo wà nídìí ẹ̀, mà. Ìyàwó mi kàn ń ràn mí lọ́wọ́ ni."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Ọkùnrin tí kò po ìyẹ̀fun rí láyé. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ látinú kíṣíìnì. Ó ní kò burú, tiwa náà ni.

Ẹ fẹ́ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe nídìí ẹ̀? Ó ń dúró sẹ́yìn obìnrin, ó ń kọ̀wé.

"Omi tó o dà sí yíìsì yìí, báwo ló ṣe gbóná tó?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, Bàbá wọn. Ẹ tìka bọ̀ ọ́."

"Lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í ṣe ìwọ̀n. Nínú ìwé, nǹkan gbóná tàbí kó tutù."

"Ẹ sáà kọ ọ́ pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"N ò lè kọ nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀."

Ó wá kọ ọ́ pé: omi gbígbóná; kí ó wú fún wákàtí kan. Ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Ta ló ní kó fọwọ́ sí i?

Nígbà tó di Fúráídé, òjò ń rọ̀. Kí ìyàwó tó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ó ti po ìyẹ̀fun, ó ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé abọ́ rẹ̀. Ó ti tọrọ àyè pé òun á padà sílé ní agogo mẹ́sàn-án wá yan án. Ó mọ̀ pé lójò, búrẹ́dì tí bọ́tà pọ̀ nínú rẹ̀ kì í tètè wú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá wọn, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ọmọdé ì bá gbọ́ràn. Kò tí ì pé wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùn-ún tó jáde tí ọkùnrin yìí fi ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó wo aago, ó wo ìwé, ó wo abọ́. Kò tíì wú. Ó ní, "Obìnrin yìí ti ba nǹkan jẹ́." Ó gbé gbogbo rẹ̀, ó dà á sínú garawa pàǹtí! Ó gbá ìyẹ̀fun tó kù nínú àpò jọ, ó da gbogbo ánísì sí i láìyan, láìfọ́. Ó sì bu omi tó ń hó yaya lé yíìsì lórí. Nǹkan ẹlẹ́mìí tó ń mú búrẹ́dì wú ni yíìsì o. Ó pa á fin-ín-fin-ín. Lẹ́yìn wákàtí kan géérégé, ìyẹ̀fun náà ṣì sùn sínú abọ́ pẹlẹbẹ, síbẹ̀ ó yan án. Ìwé ti sọ bẹ́ẹ̀.

Òjò dá ìyàwó dúró lọ́nà; agogo mẹ́wàá ku díẹ̀ kó tó dé, òjò ti pa á, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó mú ẹyọ kan, ó fi kan etí tábìlì: kó, kó, kó. Ó wo àpò ìyẹ̀fun, ó ti ṣófo.

"Kí lẹ ṣe fún mi yìí?"

"Ìlànà ni mo tẹ̀ lé."

Ó jókòó, ó sunkún. Ó dùn ún wọ egungun. Ojú rẹ̀ kò tíì gbẹ tí àlejò fi kanlẹ̀kùn.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gé búrẹ́dì jẹ, ó dáwọ́ dúró, ó fọwọ́ kan eyín rẹ̀.

"Kí lèyí?"

Ọ̀gá Fáìlì ti yára dìde. "Ẹ má bínú, mà. Ìyàwó mi ló ṣe é. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kìlọ̀ fún un."

Hà! Wọ́n ní ọmọ tó dáa ni ti bàbá, èyí tí ò dáa ni ti ìyá. N ò mọ̀ pé ó kan búrẹ́dì.

Ìyá Alágbàfọ̀ nu ojú rẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́, mà? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń pè é ní tiwa. Ọjọ́ tó bàjẹ́ ni wọ́n rántí pé tèmi ni. Ó dáa, mo gbà á. Ẹ padà wá lọ́la, ẹ wá jẹ tèmi."

Àlejò wo ìyẹ̀fun tó kún apá ọkùnrin dé ìgbúnwọ́, ó wo bàtà tí omi ń kán lára rẹ̀ lẹ́sẹ̀ obìnrin.

"Ó dọ̀la. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni o."

Lọ́jọ́ Sátidé, obìnrin náà ra ìyẹ̀fun àti ánísì míì, ó ti ilẹ̀kùn kíṣíìnì mọ́ra. Ọkọ kanlẹ̀kùn títí, ó rẹ̀ ẹ́. Ní agogo mẹ́wàá, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ jẹ mẹ́ta lórí ìdúró, ó wá yíjú sí ọkọ.

"Bàbá, igba ni màá máa gbà láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yín bá wà nínú ẹ̀, n ò gbà á o. Ṣé ọwọ́ yín wà níbẹ̀?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó náà ń wò ó.

"Rárá, mà," ni Ọ̀gá Fáìlì wí. "Kò tiẹ̀ sí ọwọ́ mi níbẹ̀ rí."