Ilé Aṣọ Tí A Kọ́ ní Koira Kano

"Ó ń lọ! Ìyá, ẹ ò rí i bó ṣe ń lọ?" Bàbá mi fò sókè bí ọmọdé. Èéfín tùràrí ń fẹ́ kọjá láàárín yàrá tí kò tíì ní ògiri gidi, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀ òfìfo tí a rà ní àdúgbò Koira Kano, nílẹ̀ òkèèrè tí a ń gbé. Èmi náà ń fò, mo ń pàtẹ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ohun tí à ń yọ̀ sí.

Ìyá bàbá mi ló pàṣẹ pé ká kọ́kọ́ fi aṣọ kọ́ ilé náà wò, kí èéfín lè fi hàn wá bí atẹ́gùn yóò ṣe máa gba inú rẹ̀. A fi eérú fa ìlà yàrá sílẹ̀, a ri igi mọ́lẹ̀, a ta aṣọ sí i, a dá àlàfo sí ojú fèrèsé. Ayé ìjọba sójà ni, owó yuréníọ̀mù tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ń wọ ìlú, ilé bíríkì sì ń yọ káàkiri. Bàbá mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà Petit Marché, fẹ́ irú èyí tó wà ní Plateau, àdúgbò àwọn olówó: gbogbo fèrèsé rẹ̀ yóò kọjú sí títì, kí ará Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wa, tó bá ń kọjá lè rí gíláàsì. Bírìkìlà máa gbẹ́ ìpìlẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ìyá bàbá mi kò yọ̀. Oyún ìyá mi ti tó oṣù méje, ìyá mi sì ti dákú lẹ́ẹ̀mejì nínú yàrá onípáànù tí a háyà. Ìgbà ooru gan-an ni ọmọ yóò dé. Ìyá àgbà fọwọ́ kan ògiri wa, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Léèsì! Ìwọ tó o fi aṣọ ṣòwò! Ṣé léèsì lo máa fi mọ ilé ni? Ihò ara rẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà. Gbé gínì wá."

Bàbá mi sáré gbé gínì wá, èyí tó le gbagidi. A tún ògiri ta, a tún da tùràrí sórí ẹyin iná. Èéfín gòkè díẹ̀, ó rá pálá, ó dúró sójú kan. Ojú ń ta wá, òógùn ń bọ́.

Ìyá àgbà rọra ká aṣọ ẹ̀yìn sókè, lápá ibi tí odò wà, tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Háà! Èéfín náà sáré gba àárín yàrá, ó jáde sí títì. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Bírìkìlà, ọmọ Zarma tó dúró tì wá, ń mi orí sókè sódò: "Gaskiya, Hajia." Ìyẹn ni pé òótọ́ ni ìyá àgbà sọ.

"Ìyá, ẹ̀yìn ilé kẹ̀? Ta ló máa rí fèrèsé níbẹ̀?"

"Ará títì ò ní bá ọ sùn nínú ilé. Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́."

 Bàbá mi fi gègé fa fèrèsé mẹ́ta sẹ́yìn ilé lórí pulánù tí ayàwòrán ilé yà fún un.

Inú ilé bíríkì náà, tí wọ́n sáré kọ́ kí oyún tó pé oṣù, ni wọ́n bí àbúrò mi sí. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ajá pàápàá ń wá ibòji, ó ń sùn fọnfọn, ìyá mi sì ń kọrin nídìí rẹ̀.

Èmi náà ń ya ilé lónìí. Àwọn oníbàárà mi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí géètì àti bí iwájú ilé yóò ṣe rí. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, mo fẹ́ràn ayọ̀ ojú wọn. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi wọ́n pé: "Ta ló kéré jù nínú ilé yín, ibo ni yóò sì máa sùn lọ́sàn-án?"